Ta Ni Wọ́n Ń Kọ́ Ilé Náà Fún? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Àròsọ Méjì Láti Ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì

Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti ń fi tíọ́rì Máàsì ṣe àtúpalẹ̀ ìwé. A máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé olówó ń rẹ́ tálákà jẹ, àti pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn mẹ̀kúnnù. Ohun tí a kì í sábà fi kún un ni pé ìjọba kan wà rí tí ó ní orúkọ Máàsì ni òun fi ń ṣàkóso, ó sì yẹ kí a fi tíọ́rì kan náà wo ìjọba ọ̀hún. Ìwé méjì ni a ó yẹ̀ wò níhìn-ín: Vremya, vperyod! (Àkókò, Ó Yá, Síwájú!) tí Valentin Kataev kọ ní 1932, àti Kotlovan (Kòtò Ìpìlẹ̀) tí Andrei Platonov kọ ní nǹkan bí 1930. Kí ni ó mú kí ìjọba Kọ́múnístì kánjú tó bẹ́ẹ̀ láti kọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá? Ǹjẹ́ àwọn ìwé wọ̀nyí sọ ìdí náà bí ó ti rí?

Ohun tí ó fa ìkánjú náà

Máàsì retí pé àwọn òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbàjọba. Àmọ́ Rọ́ṣíà ni ó ti ṣẹlẹ̀ ní 1917, níbi tí ó jẹ́ pé nínú ènìyàn márùn-ún, bí mẹ́rin ni àgbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń jọba lórúkọ òṣìṣẹ́ kò wá ní òṣìṣẹ́ púpọ̀. Láti kọ́ ilé-iṣẹ́ jẹ́ láti dá àwọn ènìyàn tí ó ń ṣojú fún sílẹ̀. Ní èrò tiwa, ìdí yìí wúwo ju bí àwọn ìwé ìtàn ti sábà máa ń kà á sí lọ.

Ìdí kejì ni ẹ̀rù. Ọmọ-ogun Bìrìtìkó, Faransé, Amẹ́ríkà àti Japan ti wọ ilẹ̀ náà nígbà ogun abẹ́lé; ní 1927, ariwo ogun tún sọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, 1931, Stalin sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pé àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti gòkè àgbà fi ṣíwájú wọn, pé bí wọn kò bá lé e bá láàárín ọdún mẹ́wàá, a ó tẹ̀ wọ́n rẹ́.

Ìdí kẹta ni ọkà. Láàárín 1927 sí 1928, àgbẹ̀ kò fẹ́ ta ọkà ní iye tí ìjọba dá lé e, nítorí ọjà tí wọn yóò fi owó náà rà kò tó. Bukharin ní kí a rọra. Preobrazhensky ti sọ ṣáájú pé ara àgbẹ̀ ni a ó ti rí owó ilé-iṣẹ́, nígbà tí kò sí ilẹ̀ àmúsìn tí a ó kó lẹ́rù. Stalin lé onímọ̀ràn yìí kúrò lẹ́gbẹ́, ó sì lo ìmọ̀ràn rẹ̀ ju bí ẹni náà ti rò lọ.

Ìwé Kataev

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn náà fi wáyé, ní Magnitogorsk, ìlú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1929 lẹ́bàá òkè Ural. Ikọ̀ òṣìṣẹ́ kan gbọ́ pé àwọn ti Kharkov ti ta gbogbo ènìyàn yọ nínú pípo kankéré. Wọ́n ní àwọn náà yóò ta wọ́n yọ. Gbólóhùn ṣókí-ṣókí ni òǹkọ̀wé lò, òǹkàwé a sì máa mí hẹlẹ pẹ̀lú wọn. Ọgbọ́n gidi ni. Ó tilẹ̀ gbà kí ẹnjiníà kan, Nalbandov, sọ pé ìkánjú lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ṣùgbọ́n àhunpọ̀ ìtàn ti dá ẹjọ́ náà kí ó tó pẹnu dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ tí ìjọba kó kúrò nílé wọn wá sí Magnitogorsk tipátipá kọ́ ni ó gbé síwájú wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òtútù àti ebi ti rí níbẹ̀, kí ó ka Behind the Urals (1942), ti John Scott, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe wẹ́ídà níbẹ̀.

Ìwé Platonov

Wọ́n lé Voshchev kúrò níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó pé ọgbọ̀n ọdún, nítorí pé ó ń ronú nígbà tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́. Ó bá àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú yóò máa gbé. Kòtò náà ń fẹ̀ sí i. Ilé kò jáde. Wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n pè ní olówó sórí igi tí wọ́n so pọ̀, wọ́n sì tì wọ́n sójú odò kí omi gbé wọn lọ sí òkun. Nastya, ọmọ òrukàn tí wọ́n ń wò bí ẹni tí yóò jẹ ayé ọ̀la náà, kú. Chiklin ni ó gbẹ́ sàréè rẹ̀.

Èdè ìwé yìí ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ni àwọn agbẹ́lẹ̀ ń sọ, àmọ́ ó ń wọ́ lẹ́nu wọn, bí ìgbà tí ará oko wa bá ń pe "èrè ìjọba àwaarawa" lórí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Platonov kì í sì í ṣe ọ̀tá ìjọba náà: ẹnjiníà ni, ó ti ṣe kànga àti adágún fún àwọn àgbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá 1921. Síbẹ̀, 1987 ni ìwé náà tó jáde ní ilẹ̀ rẹ̀, ọdún 36 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àríyànjiyàn

Àwọn kan yóò ní Jámánì kọlu Sófíẹ́ẹ̀tì ní 1941, irin Magnitogorsk ni wọ́n sì fi ṣe ọkọ̀ ogun. Àwíjàre yìí lágbára, a kò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní 1930, ó súnmọ́ mílíọ̀nù márùn-ún tọ́ọ̀nù ọkà tí ìjọba tà sókè òkun láti fi ra ẹ̀rọ; ní 1932 sí 1933, ebi pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ní Ukraine, Kazakhstan àti ibòmíràn. Ẹ̀rù ogun ṣàlàyé ìdí tí a fi nílò irin. Kò ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ ẹni tí ó gbin ọkà ni ebi pa.

Nígbà tí mo ka àkópọ̀ ìtàn Kotlovan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní kí wọ́n fi tíọ́rì Máàsì tọ́ka sí arẹ́nijẹ inú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ àwọn tí ó wà lórí igi lójú odò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó ni kòtò náà?" Kíláàsì dákẹ́.