Lẹ́dà Dúdú Nínú Oòrùn Festac

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá ṣubú lulẹ̀ lóde ìnáwó, kí lẹ ó kọ́kọ́ wò? Ṣé bóyá ó ń mí ni, àbí irú aṣọ tó wọ̀?

Mo bi yín bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tó ṣojú mi ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kejì ọdún 2024. Ọjọ́ ìbí là ń ṣe nínú Festac, kò jìnnà sí 23 Road. Ẹ̀yin náà á rántí ooru oṣù yẹn. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan, ní ọjọ́ 11, tí Ivory Coast fi 2–1 na Nàìjíríà. Òógùn tí ooru mú jáde lára wa lọ́sẹ̀ yẹn ju èyí tí bọ́ọ̀lù mú jáde lọ! Àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ yẹ ooru náà wò lẹ́yìn náà, wọ́n ní òun àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jọ pa pọ̀, ó wá ń rí lára ènìyàn bí ẹni pé ooru ti tó 50°C ní ìhà gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ. Abẹ́ kánópì la jókòó sí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, fáànù méjì ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná káàkiri. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, wọlé. Ẹ ò bá wá wo nǹkan! Jákẹ́ẹ̀tì lẹ́dà dúdú tí síìpù rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, bí ẹni tó fẹ́ gun alùpùpù lọ sí Ìbàdàn. Tíṣẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n ya agbárí òkú sí. Síkẹ́ẹ̀tì péńpé. Ìbọ̀sẹ̀ oníhò bí àwọ̀n apẹja. Búùtù dúdú tó gun ojúgun dé ìdajì. Ṣéènì mẹ́ta lọ́rùn, ètè dúdú bí ẹni mu ẹlẹ́dùú.

Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó lọ jó. Nígbà tí orin kẹta ń lọ lọ́wọ́, ó dúró, ó di àga mú, ó ṣubú.

Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Mo ti ń sọ ọ́ látàárọ̀! Aṣọ èṣù!" Òmíràn ní kí wọ́n pe pásítọ̀. Èmi kò mọ èṣù kankan ní tèmi, síìpù ni mo rí. Mo ṣí jákẹ́ẹ̀tì náà, omi tó wà nínú rẹ̀, ẹ ó rò pé inú odò ni wọ́n ti fà á jáde. A gbé e lọ sí ibòji, a bọ́ búùtù, a fi omi tútù nu ọrùn àti abíyá rẹ̀, a ń fẹ́ ẹ. Kò pẹ́, ó lajú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Àǹtí, jákẹ́ẹ̀tì mi ò ya, àbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó kó gbogbo aṣọ dúdú ọmọ náà sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó ní òun ó dáná sun ún. Ọmọ kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tó o máa ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, dá ẹjọ́ náà." Ẹjọ́ tí mo dá ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé ilé wa nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ wà. Ẹ dúró ní First Gate lọ́jọ́ Sátidé, tàbí ní Apple Junction ní Amuwo lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kọjá pẹ̀lú ṣéènì àti búùtù. Alté ni wọ́n ń pe irú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí aṣọ náà ti wá. Ní 1928, ní New York, Irving Schott rán jákẹ́ẹ̀tì oní-síìpù kan fún àwọn tó ń gun alùpùpù. Ìdí tó fi lo awọ kò le: awọ ń dí afẹ́fẹ́ tútù, bí ènìyàn bá sì ṣubú lójú títì, awọ ẹran ni yóò bó, kì í ṣe awọ tirẹ̀. Ní 1953, Marlon Brando wọ irú rẹ̀ nínú fíìmù The Wild One, láti ìgbà náà ni ó ti di aṣọ àwọn ọmọ tí kò gba ìbáwí. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì gbà á. Ní 1973, Suzi Quatro, obìnrin ará Amẹ́ríkà, gbé gìtá sáyà nínú aṣọ lẹ́dà, ó sì di ìlú mọ̀-ọ́n-ká ní ìlú Òyìnbó. Ní 1974, Vivienne Westwood àti Malcolm McLaren ń ta lẹ́dà àti ṣéènì fún àwọn ọ̀dọ́ ní King's Road, ní London.

Ẹ wo àwọn ìlú tí mo dá: New York, London. Ìlú òtútù ni gbogbo wọn. Ohun tí aṣọ náà ń sọ ni pé, "Èmi kì í bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó gbà mí láyè." Ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń pa ooru mọ́ ara. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí aṣọ ń sọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń ṣe. Ìyá ọmọ bá ohun tó ń sọ jà. Ohun tó ń ṣe ló gbé ọmọ ṣubú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé rọ́ọ̀kì jẹ́ àjèjì sí wa. Ní 1973, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College ní Èkó tó ń jẹ́ Ofege gbé àwo Try and Love jáde, gìtá ń ké nínú rẹ̀ bí ológbò. BLO wà níbẹ̀ pẹ̀lú Laolu Akins. Àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, gbé Danger jáde ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Obìnrin méjì ni wọ́n, wọ́n ń kọ orin tiwọn, wọ́n sì ń pe àwọn tó ń rẹ́ olórin jẹ lẹ́jọ́. Ẹ lọ wo àwòrán wọn: aṣọ kan náà lára àwọn méjèèjì, tó fẹ́lẹ́, tó gba afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún wọn pé ọlọ̀tẹ̀ obìnrin kò gbọdọ̀ wọ awọ ẹran nínú oòrùn.

Ìlú Festac tí a wà yìí gan-an, ilé àlejò ló jẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Fún àwọn tó wá síbi FESTAC ni wọ́n kọ́ ọ, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí dé ọjọ́ 12 oṣù kejì, 1977. Fela kọ̀, kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí ayẹyẹ parí, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, àwọn sọ́jà lọ dáná sun Kalakuta. Ẹ rántí àwọn obìnrin Kalakuta: ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn àti lọ́wọ́, ẹfun tó tò lójú bí ìràwọ̀, aṣọ díẹ̀ lára. Kí ni àwọn àgbà ìgbà yẹn pè wọ́n? Aṣẹ́wó. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: lónìí, àwọn ọmọ ń wo àwòrán wọn, wọ́n ń fi ẹfun sójú níbi ìgbéyàwó, àwọn ìyá sì ń pàtẹ́wọ́.

Ní 2008 náà, Sẹ́nétọ̀ Eme Ufot Ekaette gbé àbá kan lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti fìyà jẹ ẹni tó bá wọ aṣọ tó ṣí ara sílẹ̀. Àbá náà kò di òfin. Bó bá di òfin, ta ni wọn ì bá máa kó sínú mọ́tò ọlọ́pàá? Kì í ṣe ọkùnrin tó ká sókòtò rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdí. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ ọ́, àpò sìmẹ́ńtì rẹ jọ àbá òfin yẹn.

Ó dáa, ó kan ọmọ wa báyìí. Kò gbọdọ̀ rò pé mo ti dá òun láre.

Ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, àwọn obìnrin Botswana ń wọ̀ ọ́, ibẹ̀ sì gbóná." Òótọ́ ló sọ. Àwọn obìnrin kan wà ní Botswana tó fẹ́ràn orin heavy metal, Queens ni wọ́n ń pè wọ́n. Paul Shiakallis ya àwòrán wọn nínú lẹ́dà láti orí dé ẹsẹ̀, àwòrán náà sì káyé. Ọ̀pọ̀ wọn ló tilẹ̀ ń fi í pa mọ́ fún ẹbí. Mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni Botswana. Bí òógùn bá jáde lára níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ kíá, òógùn tó ń gbẹ ló ń tu ara lára. Ní Amuwo níbí, omi òkun àti ọ̀sà ló yí wa ká, afẹ́fẹ́ wa ti mu omi yó kí òógùn wa tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òógùn a jáde, kò ní ríbi lọ. Ẹ wá fi lẹ́dà bò ó!

Àwọ̀ dúdú kọ́ lẹ́bi náà. Ní 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kọ ọ́ sínú ìwé Nature pé àwọn wádìí ìdí tí àwọn Bedouin fi ń wọ aṣọ dúdú nínú aginjù. Wọ́n rí i pé ooru tó dé ara ẹni tó wọ agbádá dúdú kò ju ti ẹni tó wọ funfun lọ. Dúdú ń fa oòrùn sára, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nítorí pé aṣọ náà tú, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń gbé ooru náà lọ kí ó tó dé awọ ara. Nítorí náà, ẹ fi dúdú sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Fífún àti dídí ló ń pa yín.

Lẹ́dà tí ọmọ wa wọ̀ náà kì í tilẹ̀ ṣe lẹ́dà. Ọ̀rá ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ní 1998 èmi náà ra irú rẹ̀ nínú òkìríkà ní Yábàá, mo ń yan kiri bí ẹni tó ni Èkó. Kò pé ọdún méjì, ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò bí èèpo ìgbá, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn níwájú ọmọkùnrin kan tí mi ò ní dárúkọ. Awọ màlúù tòótọ́ á bá ọ dàgbà. Ọ̀rá kì í dàgbà, bíbó ló ń bó.

Ẹ̀bi tó tóbi jù tí mo rí lára ìwọṣọ náà kì í ṣe ti ooru. Ọmọ wa wo àwòrán kan nínú fóònù, ó rán gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, láti ṣéènì dé ètè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin wọ irú rẹ̀ wá. Bí gbogbo ọlọ̀tẹ̀ bá wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà, ṣé ọ̀tẹ̀ nìyẹn àbí ilé ìwé? Àwọn ìbejì Lijadu gba gìtá Òyìnbó, wọ́n fi Yorùbá sí i. Àwọn ọmọ wa gba gìtá, wọ́n gba òtútù rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo yìn ín níbi tó yẹ. Búùtù yẹn wúlò nínú ẹrẹ̀ àti omi àgbàrá tiwa yìí, bó bá di àsìkò òjò. Ìbọ̀sẹ̀ oníhò kò ṣe nǹkan kan fún ooru, ihò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣéènì dára, bó bá bọ́ méjì sílẹ̀ nínú mẹ́ta. Ìdúró rẹ̀ ló sì dára jù, orí sókè, èjìká fífẹ̀. Ìyẹn kò sí lọ́jà, òun ló mú un wá láti ilé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú un lọ bá télọ̀ mi ní Agboju. A lo àdìrẹ láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, aró rẹ̀ dúdú tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ iná alẹ́. Télọ̀ gé e bíi jákẹ́ẹ̀tì alùpùpù, síìpù gba ẹ̀gbẹ́ bó ṣe fẹ́, kò sí ìdí fún àwọ̀tẹ́lẹ̀ kankan nínú rẹ̀, apá fẹ̀, ẹ̀yìn ṣí díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti yanjú ọ̀rọ̀.

Ọmọ wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó wò ó títí. Ó ní, "Àǹtí, ó dáa o. Ṣùgbọ́n ó jọ aṣọ ẹbí díẹ̀." Kò tíì gbà fún mi tán, mi ò sì fẹ́ kó gbà fún mi tán. Ó bẹ télọ̀ kó já apá rẹ̀ sọnù. Télọ̀ wò mí. Mo ní kó já a.

Àpò sìmẹ́ńtì yẹn ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn nílé ẹ̀gbọ́n mi. Kò sun ún, kò sì dá a padà. Ẹjọ́ tí mo dá fún un nìyí: ẹ̀gbọ́n mi, da aṣọ náà padà fọ́mọ, kí o sì ra fáànù oníbátìrì kan fún un. Ọmọ tó bá ṣubú nínú lẹ́dà, a lè ṣí síìpù rẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́ nínú yàrá, kò sí síìpù tí a ó ṣí lára rẹ̀.