Ta Ni Ó Pa Lágàta?

Nínú fíìmù Ṣaworoidẹ, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, tí Túndé Kèlání sì darí rẹ̀ ní ọdún 1999, sọ́jà kan wà tí ń jẹ́ Lágàta. Wọ́n ní kí ó wá bá wọn gba adé Jogbo padà. Nígbà tí adé tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tán, kò dá a padà fún ẹni tí ó rán an níṣẹ́, orí ara rẹ̀ ni ó gbé e lé. Ìlù ṣaworoidẹ dún, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ó ṣubú, ó kú. Gbogbo ibi tí mo ti bá àwọn ènìyàn wo eré yìí, níbẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ti máa ń rinlẹ̀ jù. Àtẹ́wọ́ yẹn ni ó ń kọ mí lóminú.

Kì í ṣe pé eré náà kò dára. Eré ńlá ni, a sì ní ìpín tiwa nínú rẹ̀ ní àríwá Èkìtì, nítorí pé Peter Fatomilola, ọmọ Ìfisìn nítòsí Ìdó, wà lára àwọn àgbà òṣèré tí ó gbé e ró. Ẹni tí ó bá sì mọ bí ọkọ̀ agégẹdú ṣe ń jáde láti inú igbó apá Ìkọ̀lé, a ò níí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé e ohun tí àwọn ìjòyè Jogbo ń gbowó lé lórí. Ọdún tí eré náà jáde ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọdún 1999. Kò tí ì pé ọdún kan nígbà náà tí Sani Abacha kú lójijì, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, ọdún 1998, tí àwọn ènìyàn tú sí ìgboro ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń jó. Ta ni kò mọ ẹni tí a ń pè ní Lágàta?

Ohun tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìtàn náà ni pé kì í ṣe Lágàta ni ó kọ́kọ́ gbé ìbọn wọ ààfin. Lápité ni. Lápité kì í ṣe sọ́jà. Ọmọ ìlú ni, ó sì fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n ó kọ gbẹ́rẹ́ tí a ń sín fún ọba Jogbo, èyí tí ó so ọba, adé, ìlù àti ìlú pọ̀. Ọjọ́ tí ó kọ gbẹ́rẹ́ náà ni ìfipágbàjọba ti bẹ̀rẹ̀ ní Jogbo. Gbogbo ohun tí Lágàta wá ṣe, ojú ọ̀nà tí Lápité ti là sílẹ̀ ni ó tọ̀.

Èyí bá ìtàn tiwa mu ju bí a ti fẹ́ gbà lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun gba ìjọba tí wọ́n sì pa Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn ni inú wọn dùn. Ẹ má ṣe yára dá wọn lẹ́bi. Ìbò tí wọ́n dì ní oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni wọ́n ti yí, wẹ́tìẹ̀ ti gba ìlú kan, ilé ń jó, ènìyàn ń jó. Hubert Ògúndé ti gbé eré Yorùbá Ronú jáde ní ọdún 1964, ìjọba tí a fi ìbò gbé dé ibẹ̀ sì ti fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní ẹkùn náà. Ta ni ó wá tú u sílẹ̀? Ìjọba ológun ni, lábẹ́ Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Ẹni tí alágbádá dí lẹ́nu tí oníkakí sì là á fún, báwo ni kò ṣe níí yọ̀? Àwa ará Èkìtì tilẹ̀ ní ìdí méjì láti yọ̀: Akíntọ́lá ti lọ, ọmọ wa sì ti di gómìnà. Oṣù mẹ́fà péré ni ayọ̀ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje, ọdún 1966 kan náà, ìbọn kan náà tí a pàtẹ́wọ́ fún ni ó padà pa Fájuyì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún 1983. Wọ́n kéde Akin Ọmọ́bọ́ríowó, ọmọ Ìjerò, pé òun ni ó wọlé ìbò gómìnà Ondó, ìpínlẹ̀ sì gbiná. Ọláìyá Fágbàmígbé, ẹni tí ó ń tẹ ìwé ní Àkúrẹ́, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Adékúnlé Ajásin, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí àwọn sọ́jà ti dé, ọ̀pọ̀ ni ó sì tún mí kanlẹ̀ pé ó tán.

Mo ní láti yà díẹ̀ síhìn-ín, nítorí pé èdè wa pàápàá dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn akéde àti àwọn oníwèé ìròyìn Yorùbá ń wá orúkọ fún irú ìjọba yìí, "ìjọba ológun" ni wọ́n pè é. Orúkọ ńlá ni wọ́n fún un. Ológun ni Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, ológun ni Ògèdèǹgbé, àwọn tí ó kó Èkìtìparapọ̀ lọ sí ojú ogun Kírìjì. Aṣọ àwọn yẹn ni a bọ́, tí a fi wọ ọmọ bárékè tí ìjọba ń san owó oṣù fún. Ohun tí ó dá ogun yẹn sílẹ̀ pàápàá ni mo ṣe ń rántí rẹ̀: àwọn ajẹlẹ̀ ni, àwọn tí Ìbàdàn rán wá láti máa ṣàkóso ìlú Èkìtì, tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò yàn. Ní ọdún 1878, Fábùnmi pa ajẹlẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀, ilẹ̀ sì dàrú.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ọdún 1996, Abacha dá ìpínlẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀, Èkìtì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ọba àti àgbà wa ti ń tọrọ rẹ̀ tipẹ́, ẹ̀tọ́ wa sì ni. Inú wa dùn, a sì jó. Ẹni tí wọ́n rán wá ṣàkóso wa ni ọ̀gágun kan, Mohammed Bawa. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ajẹlẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní ìgboro Èkó, ọkọ rẹ̀ tí ó jáwé olúborí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 1993 sì wà nínú àhámọ́ títí di ìgbà tí a ń jó. N kò sọ pé kí a máà gba ìpínlẹ̀. Mo ń sọ pé a gbà á, a dúpẹ́, a kò sì tí ì kọ eré kan nípa irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni Ṣaworoidẹ ti já mi kulẹ̀. Ó fi àwọn ìjòyè olójúkòkòrò hàn wá láìṣojúsàájú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ìlú, ó dá ìlú sí. Ta ni ó pa Lágàta? Ìlù ni. Ẹni tí ń wò ó kò ní láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń ṣe ní ọjọ́ tí Lágàta gorí ìtẹ́, bóyá ó ránṣẹ́ ìkíni ku oríire, bóyá ó rò pé ti Lápité burú jù ú lọ. Ẹnìkan yóò sọ pé ohùn ìlú ni ìlù náà, àti pé bí Àyàngalú kò bá ti fara pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kì bá tí sí ohun tí a óò lù. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́ ni pé ẹni tí ó tọ́jú ìlù ṣe iṣẹ́ takuntakun. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ Lágàta kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ikú òjijì Abacha: nínú méjèèjì, ìlú ni a ń tú sílẹ̀, ìlú kọ́ ni ó ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó ń lu ìlù wà lóòótọ́ ní àkókò yẹn, tí kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 1996, àwọn tí ó sá lọ sí ìlú òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí lo rédíò kan tí ìjọba Abacha kò lè tì pa, wọ́n sì fi orúkọ Kudirat pè é. Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn-Èkìtì ní agbègbè Ọ̀yẹ́, wà lára àwọn tí ó dúró tì í. Ó di gómìnà nígbẹ̀yìn, ọ̀tọ̀ sì ni ẹjọ́ tí oníkálukú ní lórí ìyẹn. Ó kọ ìtàn ìgbèkùn náà sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2005, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ rí lórí ìtàgé ni ilé kan ní Ìsàn tàbí ní Ìkọ̀lé, ní òru, tí bàbá kan rọra yí rédíò sílẹ̀ kí aládùúgbò má baà gbọ́, tí ọmọ rẹ̀ sì ń gbá ìta palẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì fún ayẹyẹ ìpínlẹ̀ tuntun. Èmi kò tí ì rí eré Yorùbá tí ó fi àwọn méjèèjì sínú ilé kan náà.