Ilé Omi: Ìtàn Obìnrin Àgùdà Lójú Òǹkàwé Nàgó

Ní ọdún 1969 ni Antonio Olinto, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì tí ó ti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nípa àṣà ní Èkó, tẹ ìtàn àròsọ A Casa da Água jáde. Ilé Omi ni à bá pè é. Catarina, ìyá àgbà tí a kó lẹ́rú lọ, kó ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bọ̀ wá sí Èkó. Àìná ni orúkọ tí a sọ ọ́ nílé kí ó tó di Catarina. Ṣùgbọ́n Bùràsíìlì ni a bí Mariana, ọmọ-ọmọ rẹ̀, sí. Ìlú tí ìyá àgbà ń pè ní ilé, kò fojú kàn án rí.

Àwọn tí ń sọ èdè wa lọ́hùn-ún, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ kan náà tí a fi ń pe èdè wa ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé etíkun, Àgùdà ni a tún ń pè wọ́n. Obìnrin Nàgó ní agbègbè Tchaourou tí ó fẹ́ ọkọ láàárín Bàrìbá yóò tètè mọ ohun tí èyí jẹ́: ará ibòmíràn níhìn-ín, ará ibòmíràn lọ́hùn-ún.

Mariana gbẹ́ kànga, ó ń ta omi, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ ti gba orúkọ. Ibí yìí ni ìwé náà ti dùn jù lọ, bí a bá sì túmọ̀ rẹ̀ yóò tún dùn sí i. Ní èdè wa, ilé kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan. Ìran ni, àwọn òkú tí a sin síbẹ̀ ni. Ọmọ ni obìnrin nílé baba rẹ̀, ìyàwó ni nílé ọkọ. Mariana kò dúró de èyíkéyìí nínú méjèèjì: òun fúnra rẹ̀ ni ó dá ilé sílẹ̀. Ẹ ka ibẹ̀ fún àwọn obìnrin ní kíláàsì alẹ́, kí ẹ wo bí àríyànjiyàn yóò ti bẹ́.

Àbùkù ìwé náà kò farasin. Ọ̀dọ̀ Mariana ni ìtàn dúró sí jù. A kò gbọ́ ohùn àwọn obìnrin Èkó tí wọ́n bá nílẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí wọ́n sọ ẹni tí í ṣe àlejò. Olinto sún mọ́ wa díẹ̀ sí i nínú O Rei de Keto (1980), ìtàn obìnrin ọlọ́jà kan ní Kétu tí ó ń fẹ́ oyè ọba fún ọmọ rẹ̀. Abionan ni ó kọ orúkọ obìnrin náà. Àbíọ́nà ni, ẹni tí a bí sójú ọ̀nà. Orúkọ wa náà ti wọ aṣọ Potogí lọ.

Ìṣòro kan ṣì kù fún ẹni tí yóò túmọ̀ orí ìwé nípa kànga náà fún àwọn òǹkàwé tuntun. Bí a bá kọ Àgùdà, ọ̀pọ̀ yóò rò pé ẹlẹ́sìn Kátólíìkì nìkan ni à ń wí. Bí a bá kọ àjèjì, a ti dá Mariana lẹ́bi kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èmi yóò fi Àgùdà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n ó sì jẹ́ kí ìtàn fúnra rẹ̀ ṣe àlàyé.