Jerome Mímọ́ Lẹ́bàá Igi Wílò

Igi lojú kọ́kọ́ bà lé nínú àwòrán yìí. Igi wílò arúgbó ni, tí wọ́n ti gé lórí láìmọye ìgbà, tí èèpo rẹ̀ ti sán, tí kókó sì yọ káàkiri ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀ka tútù kan ṣì léwé lára rẹ̀. Ó ń pẹ́ díẹ̀ kí èèyàn tó rí bàbá tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, tó fi awò sójú, tó doríkodò, tó ń kọ̀wé. Agbárí kan wà nítòsí rẹ̀, kìnnìún sì yọjú lẹ́yìn igi.

Jerome Mímọ́ nìyẹn, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, tó sì kú ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní ọdún 420. Ìtàn àtijọ́ ní ó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ kìnnìún, lẹranko náà bá di alábàárìn rẹ̀. Rembrandt ló fín àwòrán yìí sórí bàbà ní 1648. Kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ.

Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ló fi ya bàbá náà àti ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní iṣẹ́ ò parí. Èmi ò gbà. Igi ló gba làálàá abẹ́rẹ́, ẹni mímọ́ gba ìmọ́lẹ̀. Kò gbójú sókè wò wá, kò pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ gbàdúrà, kò sì sí áńgẹ́lì tó ń fun kàkàkí sí i, bí ayàwòrán Ribera ṣe yà á ní Naples ní nǹkan bí ọdún 1621. Ìwé tó ń kọ yẹn gan-an ni àdúrà rẹ̀. Ìjọ Calvin ló lòde nígbà náà ní Amsterdam tí Rembrandt ń gbé, wọn kì í gbé ère ẹni mímọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀ Rembrandt ń padà sọ́dọ̀ Jerome nínú iṣẹ́ bàbà rẹ̀ léraléra.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àwòrán bàbà bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á fi ìda bo pẹlẹbẹ bàbà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ họ ìda náà níbi tí wọ́n bá fẹ́ fa ìlà sí, ásíìdì á wá jẹ ibi tó ṣí sílẹ̀. Tàdáwà á wọnú ìlà, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ṣùgbọ́n Rembrandt tún fi abẹ́rẹ́ họ ara bàbà fúnra rẹ̀, débi pé bàbà rú sókè létí ìlà. Ibẹ̀ ni tàdáwà ń lúgọ sí, òun ló sì jẹ́ kí igi náà dúdú múlọ́múlọ́ bí àrán. Ẹ̀rọ kì í pẹ́ tẹ etí yẹn pẹlẹbẹ. Nínú ẹ̀dà tó bá tẹ̀yìn dé, igi á ti ṣá, òkùnkùn rẹ̀ ò ní lè gbé ìmọ́lẹ̀ tí bàbá náà jókòó sí yọ mọ́. Ẹ̀dà àkọ́tẹ̀ ni kí ẹni tó bá láǹfààní rẹ̀ wá lọ wò.