Ètò Orin Àtijọ́ lórí Rédíò Ìlú Kéékèèké: Ohùn tí a Pa Mọ́, Ọ̀rọ̀ tí a Sọ Nù

Ìfáàrà

Ètò orin àtijọ́ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ní àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá fi ń fa olùgbọ́ mọ́ra. Àwa náà wà lára àwọn tó ń gbọ́ ọ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ètò náà ń pa ohùn olórin mọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nù.

Bí orin ṣe dé orí rédíò

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ètò láti London kiri ilé ní Èkó. Àpótí ara ògiri yìí ni àwọn bàbá wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Onílé kò lè yan ohun tí yóò gbọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, tí rédíò oníbátìrì sì wọ oko, orin àpàlà àti jùjú dé etí ẹni tí kò lówó giramafóònù. Òfin 1992 ló wá fàyè gba aládàáni láti dá rédíò sílẹ̀.

Ohun tí ó ń sọnù

Àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ lójú kan. Elépèé tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba nǹkan bí 20. Olórin sì lo àyè náà fún ìbà, òwe, oríkì àti orúkọ àwọn tó ń yìn. Lónìí, kí orin tó wọra, atọ́kùn ètò ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti kí àwọn tó pè. Níbi tí oríkì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni a ti gé e.

Ẹ jẹ́ kí a wo Òròkí Social Club tí Haruna Ishola gbé jáde ní 1971. Bí a kò bá sọ fún ọ̀dọ́ pé Òròkí ni oríkì Òṣogbo, àti pé ẹgbẹ́ afẹ́ kan níbẹ̀ ni olórin ń yìn, ìlù nìkan ni yóò gbọ́. Bákan náà ni I. K. Dairo, tó ń fi ẹ̀ka-èdè sínú orin: láìsí àlàyé, etí lásán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bà.

Àwọn kan yóò ní ìpolówó ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ olórin, ọdún àwo àti ẹni tí orin ń kì kò gba ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ.

Ìkádìí

Bí àwo bá jẹ́ ti atọ́kùn fúnra rẹ̀, ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì ni àkójọ náà bá a lọ. Àwọn àgbà tó mọ ẹni tí orin ń dárúkọ pẹ̀lú ń lọ. A dábàá pé kí ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa rán akẹ́kọ̀ọ́ sí rédíò tó sún mọ́ wọn, kí wọ́n kọ ohun tó wà lára àwo sílẹ̀, kí wọ́n sì gba àlàyé lẹ́nu àgbà. Lítíréṣọ̀ alohùn tí a ń kọ́ ní kíláàsì ń dún lórí rédíò lójoojúmọ́. Kò yẹ kí ó kú mọ́ wa létí.