Ìlà Méjì Tó Forí Kanra

Ẹni tó bá ń fi fóònù kọ Yorùbá mọ ìyà yìí: ẹ fẹ́ kọ ọ̀wọ̀, kíbọ́ọ̀dù fún yín ní "owo". Ẹni tó ń kà á ò mọ̀ bóyá owó ni, ọwọ́ ni, àbí òwò. Ìyà yìí kan náà ló dé bá àwọn tó máa ń kọ ohun tí ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ètò náà fúnra rẹ̀. Àmì ìṣirò ni wọ́n ń lò, bíi ∧ àti ∀, kò sì sí wọn lórí kíbọ́ọ̀dù.

VDM, tó bẹ̀rẹ̀ ní iléeṣẹ́ IBM ní Vienna ní àwọn ọdún 1970, yan ọ̀rọ̀: ∧ di and, ∀ di forall. Ó rọrùn láti kà, àmọ́ fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni; àmì tó jẹ́ ti gbogbo ayé ti di ti àwọn kan. Z, tó dàgbà ní Oxford, fẹ́ràn àpótí. Lórí ìwé, ó rẹwà gan-an. Àmọ́ nígbà tí ìlànà àgbáyé rẹ̀ jáde ní 2002, wọ́n ní láti fi ọ̀nà ìkọ̀wé kan síbẹ̀ fún LaTeX, òmíràn fún í-meèlì. Ẹwà ti di ẹrù.

TLA+ ti Leslie Lamport ló wù mí jù. Òun náà ló ṣe LaTeX, nítorí náà ó mọ iyì àmì tó dáa. Síbẹ̀, ìlà méjì tó forí kanra, /\, ló fi ṣe ∧. \A ló fi ṣe ∀. Ojú àmì náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ sì lè dá a padà sí àmì ìṣirò nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àbùkù rẹ̀ ńkọ́? Àlàfo ni. Tí ẹ bá to /\ sísàlẹ̀ ara wọn, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ wà lára ìtumọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ gba ibi tí àlàfo ti ń sọnù, ìtumọ̀ lè yí padà lójú yín báyìí, ẹ ò sì ní fura. Mi ò lè fojú fo ìyẹn.

Síbẹ̀, ó bá wa wí. A máa ń sọ pé kíbọ́ọ̀dù ló ba Yorùbá jẹ́. Ṣé lóòótọ́? /\ ò ju ìlà méjì lọ, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́, torí wọ́n ti ṣàdéhùn. "Owo" tiwa ń jẹ́ mẹ́rin, ó kéré tán, torí a kàn ju àmì nù, a ní kí òǹkàwé máa méfò. Bí a bá fẹ́ máa kọ̀wé láìsí àmì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí a máa fi rọ́pò wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí oníkálukú yáa wá ibi tí àmì ohùn wà lórí fóònù rẹ̀.