Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Rí Omi Ikogosi?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi owó ara wọn rin ìrìn-àjò lọ sí Ikogosi-Èkìtì láti mọ ohun tí ìgbà ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé John McGee, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ni ó ṣàwárí omi gbígbóná náà ní ọdún 1952.

Ọ̀rọ̀ náà, 'ṣàwárí', ni kò bá mi lára mu. Ohun tí ó bá sọnù ni à ń wá rí. Ta ni omi yìí sọnù lọ́wọ́ rẹ̀? Ìtàn tí àwọn ará ìlú jogún ni ti ọdẹ kan tí ó ní ìyàwó méjì: ọ̀kan jẹ́ onínú fùfù, èkejì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, àwọn méjèèjì sì di odò. Ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ kan omi gbígbóná àti omi tútù tí ó pàdé níbẹ̀ kò lè pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Èmi kò ní kí a pa orúkọ McGee rẹ́. Ó sọ ìròyìn omi náà fún ará òkèèrè, ìjọ rẹ̀ sì ṣe àgọ́ síbẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Èkìtì tí a bí sí London bá wá, tí ìtàn ọdún 1952 nìkan ni ó gbọ́, yóò padà lọ pẹ̀lú èrò pé ojú Òyìnbó ni ó la ìlú bàbá òun. Kí afinimọ̀nà ti ọ̀dọ̀ ọdẹ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan McGee.